Kí Ọkọ̀ Ilé Tó Gba Ojú Ọ̀nà: Àyẹ̀wò Ọdọọdún ní Ìlọrin

Ní oṣù yìí, ìlú Ìlọrin ni a fẹ́ mú yín lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àtiwo ààfin Ẹ́míà, tàbí nítorí àtira wàrà àti aṣọ òfì nìkan. Ọ̀ràn ọkọ̀ ilé ni ó ń gbé wa lọ: bí a ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ọdọọdún, ọ̀dọ̀ àwọn tí a ń mú un lọ, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ìyá ilé mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ì báà jẹ́ òun ni ó ń wa ọkọ̀, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ̀, ì báà sì jẹ́ dírẹ́bà.

Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú bí Ìlọrin ti gba orúkọ rẹ̀, òkúta kan ni wọn yóò tọ́ka sí ní agbègbè Ìdí-Àpé. Ìtàn tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn baba wọn ni pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó tẹ̀dó sí ibẹ̀, orí òkúta náà ni ó sì máa ń lọ̀ irin rẹ̀ kí ó tó wọ igbó. Àwọn ọdẹ mìíràn náà a máa yà síbẹ̀ láti pọ́n ọfà, ọ̀kọ̀ àti àdá wọn. Ibi ìlọ̀ irin ni ó di Ìlọrin. Ọdẹ ìgbà náà mọ̀ pé ẹni tí àdá rẹ̀ kò bá mú kò gbọdọ̀ lọ bá ẹranko nínú igbó, nítorí pé ibi tí ewu bá ti pàdé ènìyàn kì í ṣe ibi tí a ti ń wá òkúta ìpọ́nrin. Ìlú tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara ìtọ́jú irin ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀ irin tí ń gbé àwa àti àwọn ọmọ wa rìn lójoojúmọ́.

ÌLÚ TÍ Ọ̀NÀ GBOGBO GBÀ KỌJÁ

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Ìlọrin ti jẹ́ oríta. Reluwé tí ó ti Èkó wá dé ibẹ̀ ní 1908, nígbà tí afárá Jẹ́bà sì parí ní 1916, ọkọ̀ ojú irin lè sọdá Odò Ọya láìdúró. Lónìí, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò gbé yín sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, tí ó jìnnà tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ọ̀nà Jẹ́bà ni yóò gbé yín gòkè lọ sí Mókwá àti ilẹ̀ Òkè Ọya. Ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo ni yóò mú yín dé Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti ilẹ̀ Èkìtì. Iṣu, àgbàdo, ata, ẹran, aṣọ àti ọmọ ilé ìwé, gbogbo wọn ni ọkọ̀ ń kó gba ìlú yìí kọjá.

Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, 1967, Ìlọrin ni a fi ṣe olú-ìlú rẹ̀. Yunifásítì dé ní 1975. Bí ilé ìjọba, ilé ìwé àti ilé ìfowópamọ́ ti ń pọ̀ sí i ni ọkọ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ gba òpópónà Ibrahim Taiwo kọjá, èyí tí a fi sọ orí Kọ́nẹ́lì tí ó jẹ́ gómìnà Kwara, tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ ọjọ́ 13, oṣù kejì, 1976, ẹ óò rí bí ọkọ̀ ṣe ń lé ara wọn. Ẹ lọ sí Geri Alimi, ẹ óò rí i pé ojú ilẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà gba abẹ́ ilẹ̀. Ẹ lọ sí oríta Tańkẹ̀, ọ̀nà òkè ni wọ́n ní láti kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin, pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa kúrò ní ọwọ́ òsì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ó sì rántí 1975, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba lè ra ọkọ̀ tuntun. Lónìí, tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń rà, ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò gbó ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ yìí fẹ́ àròjinlẹ̀. Ní 2020, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde. Wọ́n ní láàrin 2015 sí 2018, ọkọ̀ kéékèèké àlòkù tí ó tó mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó jáde láti ilẹ̀ Yúróòpù, Jàpáàn àti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ìjọba Netherlands náà yẹ àwọn ọkọ̀ tí ń gba èbúté rẹ̀ bọ̀ ní Áfíríkà wò. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ti tó ọdún 16 sí 20, àti pé èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ni ọjọ́ ìwé àyẹ̀wò wọn ti kọjá kí wọ́n tó gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Èyí ni pé ọkọ̀ tí wọn kò jẹ́ kí ó rìn mọ́ lójú ọ̀nà tiwọn ni ó ń bọ̀ wá gbé ọmọ wa lọ sí ilé ìwé. Bí a kò bá yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

TA NI Ń YẸ ỌKỌ̀ WÒ?

Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mọ ìyàtọ̀ láàrin àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa.

Àwọn tí a ń pè ní VIO ni iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n. Ní Kwara, abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí iṣẹ́ òde àti ìrìnnà ni wọ́n wà. Àwọn ni wọ́n ń wo ọkọ̀ bóyá ó yẹ lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí ìwé tí àwọn awakọ̀ ń pè ní roadworthiness. Ọkọ̀ ilé a máa gba ìwé yìí lọ́dọọdún; ọkọ̀ akérò a máa gbà á ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, nítorí pé ìrìn tirẹ̀ pọ̀ ju ti ilé lọ.

Àjọ Road Safety ní tiwọn jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Òfin kan ní 1988 ni ó dá wọn sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága wọn àkọ́kọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1977, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí ikú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ yunifásítì tí ọkàn Ṣóyínká kò sì gbà á mọ́. Àwọn Road Safety ni wọ́n ń ṣe ìwé ìwakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ojú ọ̀nà. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà tí a fi ń pè wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sí ibi tí ojú gbogbo ará ilé yóò ti máa rí i.

Owó ìwé ọkọ̀ gbogbo ní Kwara, ilé iṣẹ́ tí ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀, èyí tí òfin 2015 gbé kalẹ̀, ni ó ń gbà á. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ó ti ń sọ ìwé ọkọ̀ di ọ̀tun, kí ó bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sídìí tábìlì ibi tí àwọn VIO ti ń yẹ ọkọ̀ wò àti iye owó tí ìjọba fọwọ́ sí. Kí ó má bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró ní ẹnu géètì. Ẹni tí ó dúró ní ẹnu géètì kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ohun tí yóò jẹ lára yín ni ó ń wò. Ibi tí ẹ bá ti sanwó, ẹ gba rìsíìtì.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí oòrùn tó mú. Ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé yín yóò kú. Ẹ lọ nígbà tí ó bá ku bí oṣù kan, kí àyè lè wà láti tún ohun tí ó bá bàjẹ́ ṣe. Bí ẹ bá bá èrò níbẹ̀, ẹ tò. Ọmọ ìlú yìí ni Ìdíàgbọn tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun sì ni ó gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ dìde ní oṣù kẹta, 1984, tí gbogbo Nàìjíríà fi kọ́ bí a ti ń tò sẹ́yìn ara wọn ní ibùdókọ̀ àti ilé ìfowópamọ́. Kò yẹ kí a gbàgbé ẹ̀kọ́ náà ní ìlú tirẹ̀.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ìjọba ń yọ lẹ́nu. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. MOT ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ tí ó kù láti ara ilé iṣẹ́ ìjọba fún ìrìnnà tí ó dá a sílẹ̀ ní 1960. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tí ó ti pé ọdún 10 nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bíréèkì, iná àti ìtọ́kọ̀ ni wọ́n sì ń wò. Láti 1967, ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún 3 ti di dandan. Níbẹ̀, gáréèjì àdáni tí ó bá ní àṣẹ ni ó ń ṣe àyẹ̀wò náà, a sì máa fi àmì tí ó ní igun mẹ́ta mẹ́ta kọ́ síta kí ojú lè rí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ kan lè wo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì mọ ohun tí wọ́n bá lára rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá. Kò sí ibi tí èké lè sá pamọ́ sí nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N Ń WÒ

Bí ọkọ̀ bá dé iwájú ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohun àkọ́kọ́ ni ìwé. Yóò wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ara ọkọ̀ bóyá wọ́n bá èyí tí ó wà nínú ìwé mu. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀: bíréèkì ẹsẹ̀ àti ti ọwọ́, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì, tírafíkétọ̀, fèrè, wáípà, dígí iwájú àti dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn, táyà, ìtọ́kọ̀, bẹ́líìtì ìjókòó, ilẹ̀kùn, àti èéfín tí ń jáde nídìí ọkọ̀. Yóò bèèrè sípíà táyà, jáàkì, àmì onígun mẹ́ta tí a ń gbé sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àti ohun èlò ìpaná.

Kò sí èyí tí ó jẹ́ ti aláṣejù nínú wọn. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Táyà ni a kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Ìwọ̀nba rọ́bà tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni ó ń kan ilẹ̀ lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ojú kòtò tí ó wà lára táyà ni omi ń gbà sá lọ nígbà òjò. Bí wọ́n bá ti jẹ tán, ọkọ̀ yóò máa fò lórí omi bí ọmọdé tí ó tẹ ọ̀bọ̀rọ́ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ ni pé ojú kòtò náà kò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 1.6. Ṣùgbọ́n táyà lè ní ojú kòtò tí ó jinlẹ̀ kí ó sì ti kú, nítorí pé oòrùn àti ọjọ́ orí ń ba rọ́bà jẹ́ láti inú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ Road Safety a máa gbà wá níyànjú pé kí a má lo táyà kọjá ọdún 4. Ìyá tí ó mọ̀ bí a ti ń wo ọjọ́ lára páálí mílíìkì mọ̀ bí a ti ń wo ti táyà.

Bíréèkì ni ó tẹ̀ lé e. Ọ́ìlì tí ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín dé ọ̀dọ̀ àgbá táyà a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, bíréèkì yóò gbóná, omi inú ọ́ìlì náà yóò hó, ẹsẹ̀ yín yóò sì wọlẹ̀ láìsí ohun tí ó dá ọkọ̀ dúró. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi ní kí a máa pa ọ́ìlì bíréèkì dà ní ọdún méjì méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbẹ.

Èyí tí ó kàn wá jù, àwa ìyá, ni èéfín. Bí sàlẹ́ńsà bá lu, èéfín ẹ́ńjìnnì lè gba abẹ́ ọkọ̀ wọ inú. Nínú èéfín náà ni gáàsì kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í pa ojú lára. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ń ti inú jẹnẹrétọ̀ jáde, tí ó ti pa odidi ìdílé nínú oorun. Bí àwọn ọmọ bá sùn lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà ìrìn-àjò gígùn, a ó ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Bí orí bá ń fọ́ yín nínú ọkọ̀, tí èébì ń gbé yín, tí ara sì tù yín nígbà tí ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní ibà. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tún wọ inú rẹ̀.

NÍ ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́ TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Ìyá ilé tí kò mọ ọkọ̀ wà lè yẹ ọkọ̀ wò kí àwọn VIO tó rí i. Kò gba ju bí wákàtí kan lọ.

Ní alẹ́, nígbà tí ọkọ̀ bá ti wọlé, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀, ìwé náà yóò jẹ́rìí. Bí ẹ bá rí ohun dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Bí ó bá pupa, ó lè jẹ́ ti jíà tàbí ti ìtọ́kọ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó fúyẹ́, tí ó ń yọ̀, ní tòsí ẹsẹ̀ táyà, ẹ fura sí bíréèkì, kí ọkọ̀ náà má sì kúrò lójú kan títí mẹkáníìkì yóò fi dé. Omi lásán lábẹ́ ọkọ̀ tí ó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù kò burú.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọjú sí ògiri, kí ẹ tan gbogbo iná. Ọmọ kan yóò dúró níwájú, òmíràn yóò dúró lẹ́yìn, ẹnì kan yóò sì tẹ bíréèkì. Ẹ óò mọ èyí tí kò tàn. Ọ̀dọ̀ rewáyà ni ìyẹn ń lọ, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sí i bí ìṣẹ́jú kan: bí ó bá ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní àrùn. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan yọ, kí ẹ já a gbì. Bí kò bá gán, kò ní í gba ọmọ là. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà wọn afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀ nígbà tí ó tutù, títí kan ti sípíà, nítorí pé táyà tí ó gbóná a máa purọ́ fún ẹ̀rọ ìwọnfẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ẹ má ṣe ṣí ojú redíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Omi gbígbóná ibẹ̀ ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú.

Ní ti owó, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá àjọ fún ọkọ̀. Bí a ti ń fi owó sílẹ̀ fún iléyá, fún Kérésìmesì àti fún owó ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa fi díẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù fún táyà àti bíréèkì. Táyà kì í bu ènìyàn lọ́wọ́ ní oṣù tí owó wà. Oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilé ìwé wọlé, ni ó máa ń yàn.

ÌWÉ TÍ A RÀ ÀTI ÌWÉ TÍ A YẸ FÚN

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà, ní ìlú púpọ̀ kárí ilẹ̀ wa. Alágbèékà kan yóò wá sí ilé tàbí ibi iṣẹ́, yóò gba ẹ̀dà ìwé ọkọ̀, yóò gba owó, ní ìrọ̀lẹ́ yóò mú ìwé tuntun wá. Ọkọ̀ kò kúrò ní ibùjókòó rẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni kò sì kàn án. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbà wá lọ́wọ́ wàhálà.

Kí ni a rà? Ìwé tí a ó nà sí ọlọ́pàá ni a rà. Ṣùgbọ́n bíréèkì kò mọ̀wé kà. Nígbà tí màlúù bá já wọ ojú ọ̀nà, bíréèkì kò ní í bèèrè ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé wa. Bí ó bá dára, yóò dúró, bí kò bá dára, kò ní í dúró. Ẹni tí ó ra ìwé láìmú ọkọ̀ lọ ti san owó àyẹ̀wò, ó sì ti fi àyẹ̀wò náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó gba owó. Òfò méjì ni.

Ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ akérò kan tí ó gbéra ní gáréèjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Ìyá oníṣu wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú rẹ̀, abiyamọ kan sì gbé ọmọ sẹ́yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ni ọkọ̀ náà, kò sí ọ̀kan tí ó rí ìwé rẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ni ìdánilójú wọn pé ẹnì kan ti fi ojú wo abẹ́ rẹ̀ fún wọn. Bí ìwé náà bá jẹ́ irọ́, àwọn ni a purọ́ fún, kì í ṣe ìjọba. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ọkọ̀ akérò, tí ó sì ń ra ìwé láìmú ọkọ̀ lọ, kí ó má rò pé òun rẹ́ ìjọba jẹ. Ọmọ ẹlòmíràn ni ó fi ṣe ìdógò.

Agbára wà lọ́wọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Bí ẹ bá dé gáréèjì, ẹ wo táyà kí ẹ tó wo ìjókòó. Bí táyà bá dán bí orí apárí, ẹ wọ ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ sókè kí agbèrò gbọ́. Bí èrò mẹ́ta bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, olówó ọkọ̀ yóò ra táyà.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ọkọ̀ ilé ìwé. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, a máa ń bèèrè aṣọ, ìwé àti oúnjẹ. Ẹ bèèrè eléyìí pẹ̀lú: “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ọkọ̀ tí ń gbé àwọn ọmọ wa, ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn? Ṣé a lè rí ìwé rẹ̀? Bẹ́líìtì mélòó ni ó wà nínú rẹ̀, ọmọ mélòó sì ni ó ń kó?” Kò sí àfojúdi nínú ìbéèrè yìí. Ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti ṣe ohun tí ó yẹ yóò fi ayọ̀ mú ìwé náà wá. Èyí tí kò tíì ṣe é, ìtìjú ìpàdé náà yóò mú un ṣe é kí ìpàdé mìíràn tó dé.

Àwọn ìyá wa a máa súre fún ẹni tí ó ń lọ sí ìrìn-àjò pé kí ó má rìn ní ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Àdúrà ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí a ní ebi ń pa ọ̀nà, àwa ni a gbé oúnjẹ fún un: táyà tí ó ti kú, iná tí kò tàn, bíréèkì tí a mọ̀ pé ó ń wọlẹ̀ tí a sì ní kí ó di oṣù tí ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àdúrà wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa jọ máa rìn.

Bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ dìde, kí ẹ lọ wo ọjọ́ tí ó wà lára ìwé ọkọ̀ yín, kí ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára táyà rẹ̀. Ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.